Ilé tó ṣe é gbé, ilé tí ẹnìkan ń gbé: kí ni wọ́n ń wá lórí àwọn òṣùpá àti àwọn ayé tó jìnnà?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àbúrò bàbá mi kan tó ń gbé n'Íbàdàn, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Mọ́kọ́lá, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní, "Ṣé o ti gbọ́? Wọ́n ti rí ayé mìíràn tí nǹkan ẹlẹ́mìí wà. Ṣé ká máa di ẹrù ni?" Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Àmọ́ nígbà tí mo ka ìròyìn tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí wọn, mo rí i pé Dádì ò jẹ̀bi. Àkọlé ìròyìn náà ní "wọ́n ti rí i". Àárín rẹ̀ ní "ó ṣeé ṣe kó wà". Ìsàlẹ̀ pátápátá ní "ìwádìí ṣì ń lọ". Ta ló máa ń ka ìròyìn dé ìsàlẹ̀?

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ń lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Bí èèyàn bá gba ọ̀nà Mówè tàbí Ìbàfò kọjá, yóò rí àìmọye ilé tuntun. Wọ́n ti kan òrùlé, wọ́n ti gbẹ́ kànga, wáyà iná ti dé ẹnu ọ̀nà, síbẹ̀ kò sí ẹnì kankan nínú wọn. Ilé náà ṣe é gbé, àmọ́ ìyẹn ò sọ pé ẹnìkan ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí onímọ̀ nípa ìràwọ̀ bá sọ pé òṣùpá báyìí tàbí ayé báyìí "ṣe é gbé", kò sọ ju pé kànga wà, òrùlé wà, iná wà. Kò tíì rí aṣọ lórí okùn.

Ẹni tí wọ́n sì ń rò pé ó lè máa gbé ibẹ̀, kì í ṣe èèyàn, kì í ṣe ẹranko. Kòkòrò àìfojúrí ni, irú èyí tó wà nínú ògì tó kan. Kò sẹ́ni tó ń retí ìlú. Ilé ayé wa fúnra rẹ̀, ó lé ní bílíọ̀nù ọdún méjì tó jẹ́ pé irú àwọn wọ̀nyẹn nìkan ni ayálégbé inú rẹ̀.

Kí ló ń mú kí ilé ṣe é gbé? Omi ló ṣáájú, kó sì jẹ́ omi tó ń ṣàn, kì í ṣe yìnyín, kì í ṣe oru. Lẹ́yìn náà ni àwọn èròjà tí ara ohun ẹlẹ́mìí fi ń mọ ara rẹ̀: kábọ́ọ̀nù, háídrójìn, náítrójìn, ọ́síjìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti imí ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ, ìyẹn ibi tí agbára yóò ti máa wá. Àwọn kan á fi àkókò kún un, torí ilé tó wà fún ọdún mẹ́wàá péré kí ó tó wó, kò sí ayálégbé tó máa ráyè kó wọ inú rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ayé kan ṣe jìnnà sí oòrùn tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n gbogbo èyí. Ẹni tó bá ti yáná rí ní àárọ̀ ọyẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Bí o bá sún mọ́ iná jù, á jó ọ. Bí o bá jìnnà jù, òtútù á mú ọ. Ibì kan wà láàárín tó tura. Ayé wa jìnnà sí oòrùn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà 150, ibẹ̀ sì ni omi ti lè máa ṣàn láìdi yìnyín, láìfà gbẹ. Gbogbo ìràwọ̀ ló ní ibi ìyáná tirẹ̀, torí pé ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan tí à ń rí lálẹ́, oòrùn ibòmíràn ni.

Òfin yìí dáa, àmọ́ ó ní ihò. Òṣùpá tiwa gan-an ń yáná níbi kan náà tí àwa ti ń yá a, síbẹ̀ gbígbẹ ló gbẹ. Kò lágbára tó láti di afẹ́fẹ́ mú mọ́ra, níbi tí afẹ́fẹ́ ò bá sì sí, omi ò lè dúró bí omi. Venus, ayé aládùúgbò wa tó ń yí oòrùn po, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa, àmọ́ aṣọ afẹ́fẹ́ tó dà bora ti nípọn jù. Ooru tó há sábẹ́ rẹ̀ tó 465°C, èyí tó lè yọ́ òjé. Nítorí náà, bí a bá kà á pé ayé kan wà "níbi tó yẹ" sí ìràwọ̀ rẹ̀, ibi ìjókòó nìkan ni wọ́n sọ fún wa. Wọn ò tíì sọ ohun tí ẹni tó jókòó síbẹ̀ wọ̀ sọ́rùn.

Abẹ́ òkun tiwa níhìn-ín ni ohun tó yí ojú ọ̀rọ̀ padà ti wá. Ní ọdún 1977, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkun fi ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré kan tó ń jẹ́ Alvin sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì nítòsí erékùṣù Galápagos, níbi tó jìn tó mítà 2,500. Ibi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde láti inú ilẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n rí i. Àmọ́ wọ́n tún bá akàn níbẹ̀, àti ìṣáwùrú, àti ekòló gígùn tó ń gbé inú ọ̀pá funfun, gbogbo wọn pọ̀ lọ súà nínú òkùnkùn tí ìtànṣán oòrùn ò dé rí. Kò tilẹ̀ sí onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí kankan nínú ìrìn àjò náà, torí kò sẹ́ni tó rò pé iṣẹ́ á wà fún un. Kòkòrò àìfojúrí ni ìdí oúnjẹ àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí. Kẹ́míkà inú omi gbígbóná náà ni kòkòrò yìí fi ń ṣe oúnjẹ, bí ewé ṣe ń fi oòrùn ṣe é.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé dandan ni kí ilé wà nídìí iná kó tó ṣe é gbé? Ìbéèrè yìí ló mú kí wọ́n kọ ojú sí àwọn òṣùpá tó ń yí Jupiter àti Saturn po, ìyẹn àwọn ayé ńlá méjì tó jìnnà sí oòrùn, lọ́hùn-ún níbi tí òtútù ti ń pa òkúta.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Europa. Galileo Galilei ló fi awò rí i ní oṣù kìíní ọdún 1610, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn tó ń yí Jupiter po: Io, Ganymede àti Callisto. Europa kéré díẹ̀ sí òṣùpá tiwa. Ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 3,120. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń dé ibẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 25 èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, òtútù ojú rẹ̀ sì tó -160°C. Ní ti òfin ìyáná, Europa ò sí lára àwọn tó jókòó. Ẹ̀yìn ọgbà ló wà.

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ Voyager, tí Amẹ́ríkà rán sí ojú ọ̀run láìsí èèyàn nínú wọn, kọjá níbẹ̀ ní 1979, àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ fi òṣùpá kan hàn tí ojú rẹ̀ dán bí ẹyin, tí ìlà tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú sì là á já káàkiri bí àwo tó sán. Ihò tí òkúta ojú ọ̀run máa ń dá sára irú wọn kò tó nǹkan. Òṣùpá tiwa kún fún irú àpá bẹ́ẹ̀, torí kò sí ohun tó ń pa á rẹ́. Ojú tí kò ní àpá ní láti jẹ́ ojú tuntun. Ohun kan ń tún ògiri Europa rẹ́ láti inú.

Ọkọ̀ mìíràn, tí wọ́n sọ ní Galileo, ló mú ẹ̀rí tó lágbára wá. Ó wà nídìí Jupiter láti 1995 sí 2003. Jupiter fúnra rẹ̀ dà bíi màgínẹ́ẹ̀tì ńlá tó ń yí, agbára màgínẹ́ẹ̀tì yìí sì ń gbá Europa kọjá lọ́pọ̀ ìgbà. Galileo rí i pé Europa ń dá a lóhùn: ó ń ní agbára màgínẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, èyí tó ń yí padà bí ti Jupiter bá ṣe yí. Yìnyín lásán ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí iná mọ̀nàmọ́ná lè gba inú rẹ̀ kọjá ló lè ṣe é, omi oníyọ̀ ló sì bá a mu jù. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà pé òkun kan wà lábẹ́ yìnyín tó nípọn tó nǹkan bíi kìlómítà 15 sí 25, àti pé omi inú rẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì gbogbo omi òkun ayé wa.

Níbo wá ni ooru tó ń jẹ́ kí omi náà máa ṣàn ti ń wá? Ibi tí ó máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyí, mo sì máa dúró díẹ̀ síbẹ̀.

Ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi gé wáyà á tẹ̀ ẹ́ síwá, á tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, léraléra. Bó bá wá fọwọ́ kan ibi tó ń tẹ̀, á bá a pé ó ti gbóná. Kò sí iná níbẹ̀. Títẹ̀ yẹn ló di ooru. Ohun tí Jupiter ń fi Europa ṣe nìyẹn. Ọ̀nà tí Europa ń tọ̀ ká Jupiter kì í ṣe òbìrìkìtì tó pé. Nígbà mìíràn ó sún mọ́ ọn díẹ̀, nígbà mìíràn ó jìnnà díẹ̀. Bó bá sún mọ́ ọn, agbára ìfà Jupiter á fà á gùn. Bó bá jìnnà, á tún fẹ́ padà sí bó ṣe wà. Ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ ni yíyípo kan, kò sì sinmi láti ayébáyé.

Bó bá jẹ́ pé Europa nìkan ló wà níbẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ ì bá ti tọ́ di òbìrìkìtì tipẹ́, títẹ̀ náà ì bá sì ti parí. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni kò jẹ́. Kí Ganymede tó yípo lẹ́ẹ̀kan, Europa á ti yípo lẹ́ẹ̀mejì, Io á ti yípo lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó dà bí ìlù mẹ́ta tí wọ́n ń lù pọ̀, tí ọ̀kan ń rọra dún, tí omele ń sáré, tí méjì nínú wọn sì máa ń pàdé lórí ẹsẹ̀ kan náà nígbà gbogbo. Níbi ìpàdé yẹn ni wọ́n ti ń fa ara wọn, tí wọn ò sì jẹ́ kí ọ̀nà ẹnikẹ́ni tọ́.

Io ló sún mọ́ Jupiter jù, òun ni wọ́n sì ń tẹ̀ jù. Ní oṣù kẹta ọdún 1979, Stanton Peale, Patrick Cassen àti Ray Reynolds tẹ ìṣirò kan jáde pé inú Io ní láti ti yọ́. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwòrán Voyager 1 fi òkè ayọnáyèéfín hàn lórí Io, tó ń tú jáde lójú ẹsẹ̀. Ṣàṣà ni ìṣirò tí ẹ̀rí rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ àwọn òrìṣà iná, oòrùn àti àrá láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ àwọn ihò iná orí Io, ọ̀kan nínú wọn sì ń jẹ́ Shango Patera. Bẹ́ẹ̀ ni, Ọba Kòso tiwa. Òrìṣà Oko náà ò gbẹ́yìn. Lórí Ceres, ayé kékeré kan tó wà láàárín Mars àti Jupiter, ihò kan wà tó ń jẹ́ Oxo, orúkọ òrìṣà àgbẹ̀ tí àwọn ará Brazil jogún lọ́wọ́ Yorùbá. Ihò ọ̀hún ni ọkọ̀ Dawn ti kọ́kọ́ rí yìnyín omi ní gbangba lójú Ceres. Àgbẹ̀ ló ni ibi tí omi wà. Orúkọ ti ro ọmọ.

Ooru wà, omi wà. Oúnjẹ ńkọ́? Fún Europa, a ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà, torí kò sẹ́ni tó tíì tọ́ omi náà wò. Yìnyín bo kànga.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí wọ́n bá ní kí n fi owó mi lé ọ̀kan, Enceladus ni màá fi lé, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Saturn. Kékeré ni. Ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 504, kò sì tó ibi tí ẹyẹ máa fò láti Èkó dé Àbújá. Nǹkan tó kéré báyìí, ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ á ti retí pé ó ti tutù, ó ti kú, tipẹ́tipẹ́. Ní 2005, ọkọ̀ Cassini, tó dé ọ̀dọ̀ Saturn ní 2004, rí i pé omi ń tú jáde fìn-ìn láti ìdí rẹ̀ ní gúúsù, láti inú ìlà mẹ́rin tó ya bí ìgbà tí ẹkùn ha nǹkan. Omi náà ń jáde bọ́ sí òfurufú, ó ń di yìnyín wẹ́wẹ́, òun náà ló sì di ọ̀kan nínú àwọn òrùka Saturn.

Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ti Europa. Kò sí pé à ń gbẹ́ yìnyín. Kànga náà ń tú omi rẹ̀ sí ìta fún ẹni tó bá ń kọjá lọ. Cassini sì kọjá láàárín rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, kìlómítà 49 péré ló fi ga sí ojú òṣùpá náà. Ó bá iyọ̀ níbẹ̀. Ó bá àwọn èròjà tó ní kábọ́ọ̀nù. Ó bá iyanrìn kíkíní tó jẹ́ pé ibi tí omi gbígbóná ti ń fọ òkúta ni irú rẹ̀ ti sábà máa ń wá, èyí tó fi hàn pé ìsàlẹ̀ òkun ibẹ̀ gbóná. Ní 2017, wọ́n kéde pé ó bá háídrójìn. Ní 2023, nígbà tí àwọn onímọ̀ tún yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èyí tó ṣọ̀wọ́n jù nínú àwọn èròjà tí mo kà sílẹ̀ lókè.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí háídrójìn yẹn. Láyé tiwa, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó jẹ́ pé háídrójìn àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n sì ń yọ gáàsì mẹ́téènì jáde. Wọn ò nílò oòrùn, wọn ò nílò ọ́síjìn. Nígbà tí ìròyìn háídrójìn Enceladus jáde, inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn: oúnjẹ wà lórí tábìlì! Àwọn mìíràn sì rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n béèrè ìbéèrè tó dáa ju ìdùnnú lọ: bí oúnjẹ bá pọ̀ lórí tábìlì báyìí, ṣé kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́? Kò tíì sí ẹni tó dáhùn ìyẹn. Irinṣẹ́ tí Cassini gbé lọ kò ṣe é fi mọ̀, torí nígbà tí wọ́n kàn án, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé omi ń tú níbẹ̀.

Ohun kan tó yẹ kí àwọn tó ń bẹ̀rù pé àwọn òyìnbó fẹ́ lọ ba ibẹ̀ jẹ́ mọ̀: nígbà tí epo Cassini ń tán lọ, wọ́n darí rẹ̀ wọ inú Saturn ní 15 oṣù kẹsàn-án 2017, ó sì jóná níbẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kó má baà ṣèèṣì já lu Enceladus tàbí Titan, kí kòkòrò ayé tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lára má sì lọ di ayálégbé níbi tí a ṣì ń béèrè bóyá ayálégbé wà. Bákan náà ni wọ́n ṣe Galileo sínú Jupiter ní 2003.

Titan, òṣùpá Saturn mìíràn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gùn, àmọ́ ṣókí ni màá sọ ọ́. Ó tóbi ju Mercury lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ nípọn ju tiwa lọ, òjò ń rọ̀ níbẹ̀, adágún wà. Mẹ́téènì ni òjò náà, kì í ṣe omi. Òtútù -179°C ti sọ mẹ́téènì, tó jẹ́ gáàsì níhìn-ín, di ohun tó ń ṣàn. Ọkọ̀ Huygens balẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2005. Bóyá ohun ẹlẹ́mìí lè fi mẹ́téènì rọ́pò omi, èrò ọkàn lásán ni títí di ìsinsìnyí, èmi ò sì ní fi jẹ ẹnikẹ́ni níyà.

Ìyẹn ni ti ilé tó wà ládùúgbò. Ti àwọn ayé ìdí ìràwọ̀ mìíràn yàtọ̀, torí a ò lè rán ọkọ̀ síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn sì ni ìròyìn Dádì Mọ́kọ́lá ti wá.

Michel Mayor àti Didier Queloz, àwọn ará Switzerland, ló rí àkọ́kọ́ irú wọn tó ń yí ìràwọ̀ tó jọ oòrùn po, ní 1995. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2019. Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án 2025, iye tí NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí òfurufú, ti kà kọjá 6,000. Nàìjíríà ní ọ̀kan tó sọ lórúkọ: ní 2019, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ ọ̀kan, ìràwọ̀ HD 43197 di Amadioha, pílánẹ́ẹ̀tì (ìyẹn ayé) tó ń yí i po sì di Equiano. Kí ẹnikẹ́ni má lọ ra ilẹ̀ níbẹ̀ o. Gáàsì ńlá ni, kò sí ilẹ̀ tí èèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kò sẹ́ni tó fojú rí wọn. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Bí kòkòrò bá fò kọjá níwájú gílóòbù, ìmọ́lẹ̀ á dín kù ní ṣín-ún. Bí dídín kù yẹn bá ń wáyé ní àkókò kan náà léraléra, wọ́n mọ̀ pé pílánẹ́ẹ̀tì ló ń kọjá. Ibi tó wá gba ọgbọ́n ni mímọ irú afẹ́fẹ́ tó bo pílánẹ́ẹ̀tì náà. Bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bá gba àárín afẹ́fẹ́ yẹn kọjá, gáàsì kọ̀ọ̀kan á bu àwọ̀ tirẹ̀ jẹ nínú ìmọ́lẹ̀ náà, ó sì ní èyí tí ó máa ń bù. Ó dà bí òórùn ọbẹ̀ tó ń ta lu ni láti ẹ̀yìn ọgbà aládùúgbò. A ò rí ìkòkò, a ò rí ẹni tó ń rò ó, síbẹ̀ bí irú bá wà nínú rẹ̀, imú á sọ.

Ní ti K2-18b, èyí tí wọ́n gbé kiri lórí WhatsApp, ó jìnnà sí wa tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 124, ìwúwo rẹ̀ sì tó ìlọ́po mẹ́jọ àti díẹ̀ ti ayé wa. Ó jókòó níbi tó yẹ nídìí iná ìràwọ̀ rẹ̀. Ní 2023, awò ńlá James Webb, tó wà lójú òfurufú, gbóòórùn mẹ́téènì àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Nikku Madhusudhan ti yunifásítì Cambridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn tún gbóòórùn ohun mìíràn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ dimethyl sulfide tàbí èyí tó jọ ọ́. Láyé wa, ewéko kíkíní inú òkun ló ń tú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde. Bí wọ́n ṣe sọ "irú" nìyẹn, tí àwọn oníròyìn sì gbọ́ "ìyàwó ilé wà nídìí ààrò".

Àmọ́ àwọn tó sọ ọ́ fúnra wọn gbà pé ẹ̀rí wọn kò tíì dé ìwọ̀n tí iṣẹ́ wọn fi ń pe nǹkan ní òdodo. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní àkókò sí i pẹ̀lú awò náà. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn mú àkọsílẹ̀ kan náà, wọ́n ṣe ìṣirò tiwọn, wọn ò gbóòórùn ohunkóhun tó dájú. Ó tún kù: wọ́n ti rí gáàsì yìí kan náà lára ìràwọ̀ onírù tó ń jẹ́ 67P, níbi tí kò sí ewéko, kò sí òkun. Irú lè dé inú ọbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan gbé e síbẹ̀. Kò sì tíì dájú pé K2-18b ní òkun rárá. Àwọn kan gbà pé omi ló bò ó, àwọn mìíràn ní gáàsì tó nípọn ni látòkè délẹ̀.

Àwọn kan wà tó sún mọ́ wa jù ú lọ. Proxima Centauri b, tí wọ́n rí ní 2016, wà ní ọdún ìmọ́lẹ̀ 4.2. Ìràwọ̀ TRAPPIST-1, ní nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 40, ní pílánẹ́ẹ̀tì méje tó jọ ayé wa ní títóbi. Ìràwọ̀ kéékèèké tó pọ́n ni àwọn méjèèjì, iná wọn ò lágbára, àwọn tó ń yá a sì ní láti sún mọ́ ọn gan-an. Ewu wà níbẹ̀: irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bínú, á tú iná lójijì, ó sì lè jó afẹ́fẹ́ kúrò lára ẹni tó sún mọ́ ọn. Nígbà tí James Webb wo méjì tó sún mọ́ TRAPPIST-1 jù, kò rí aṣọ afẹ́fẹ́ tó nípọn lára wọn. Ti àwọn tó kù ṣì wà lẹ́nu wíwò. Òṣùpá tó ń yí irú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí po sì ńkọ́? Wọ́n ń wá a, àmọ́ wọn ò tíì fìdí ẹyọ kan ṣoṣo múlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrù dídì wá ńkọ́? Ọdún ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ orí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé lọ́dún kan ni, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà bílíọ̀nù 9,460. Voyager 1, tó gbéra ní 1977, ń sá kìlómítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá forí lé Proxima, á gbà á ju ọdún 70,000 lọ. Bó bá forí lé K2-18b, mílíọ̀nù ọdún méjì ò ní tó o. Mo sọ èyí fún Dádì. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Mílíọ̀nù méjì. Ọ̀nà yẹn burú ju ti Ìbàdàn sí Èkó lọ."

Ìrìn tó ń lọ lọ́wọ́ gan-an kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní 14 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ Europa Clipper gbéra láti Flórídà, ó sì yẹ kó dé ọ̀dọ̀ Jupiter ní oṣù kẹrin ọdún 2030. Pátákó tí ó fi ń gba oòrùn gùn ju mítà 30 lọ láti ìkángun dé ìkángun, torí oòrùn ibẹ̀ ò tó nǹkan. Kò ní máa yí Europa po, nítorí ìtànṣán olóró tó yí Jupiter ká á tètè ba nǹkan inú rẹ̀ jẹ́. Ṣe ni yóò máa já lọ bá Europa, yóò yà á ní àwòrán, yóò sì sá padà, ní ìgbà 49. Juice, ọkọ̀ ti àwọn ará Yúróòpù tó gbéra ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún Ganymede. 2031 ni wọ́n ń retí pé yóò dé.

Nígbà tí mo dé Mọ́kọ́lá kí wọn nígbà Kérésì, Dádì béèrè bóyá Clipper yìí ló máa wá rí nǹkan ẹlẹ́mìí náà. Mo ní rárá o, kò lọ fún ìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ lé e lọ́wọ́ ni pé kó wo bí yìnyín ṣe nípọn tó, bóyá òkun wà lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, irú iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀, àti bóyá èròjà pé. Ó ń lọ wò bóyá ibẹ̀ ṣe é gbé. Bóyá ẹnìkan ń gbé ibẹ̀, ọkọ̀ mìíràn ló máa lọ wo ìyẹn lọ́jọ́ iwájú.

Dádì wò mí. Wọ́n ní, "Pẹ̀lú gbogbo owó yẹn, éjẹ́ǹtì ilé ni wọ́n rán lọ?"

Mo ní, "Ẹ̀n, sà."

Wọ́n ní, "Á gba owó ìwòlé, á sì ní ká padà wá."